Ẹ Má Tíì Fọ Kọ́ìnì Yẹn: ọ̀rọ̀ tí mo bá àwọn tó ń kó owó àtijọ́ jọ sọ l'Ádó-Èkìtì

Ọmọ Èkìtì kete, mo kí yín o. Àwọn kan ní kí n kọ ọ̀rọ̀ tí mo sọ l'Ádó lọ́sàn-án Sátidé sílẹ̀ torí àwọn tí ò ráyè wá, mo dẹ̀ ti kọ ọ́ bí mo ṣe sọ ọ́ gan-an, àfi àwọn ibi tí ariwo jẹnẹrétọ̀ ò jẹ́ ká gbọ́ra wa dáadáa tí mo tún tò. Ohun tá a pe ara wa jọ lé lórí ò pọ̀: owó onírin tẹ́ ẹ jogún, tàbí tẹ́ ẹ rà, tàbí tẹ́ ẹ hú jáde lóko, ṣé ká fọ̀ ọ́ ni àbí ká fi í sílẹ̀? Èsì tèmi ni pé ẹ fi í sílẹ̀. Tó bá wá di dandan kẹ́ ẹ ṣe nǹkan kan sí i, ohun tó máa kó ìdọ̀tí kúrò láìfọwọ́ kan irin abẹ́ ẹ̀ nìkan ni kẹ́ ẹ lò. Mo mọ̀ pé kì í ṣe ohun tí ọ̀pọ̀ fẹ́ gbọ́, torí àwọn míì tiẹ̀ ti gbé owó dání wá kí n bá wọn fọ̀ ọ́.

Ẹlòmíì á ní kí ló kan Èkìtì nínú kíkó kọ́ìnì jọ, pé iṣẹ́ òyìnbó tó ráyè ni. Ẹ jẹ́ ká wò ó dáadáa ná. Àwọn bàbá wa tó gbin kòkó, tí wọ́n ń gbé e lọ sórí ìwọ̀n, owó onírin ni wọ́n máa ń kà fún wọn, báńkì ò sí nítòsí, ẹni tó bá rí owó gidi gbà á rọ ọ́ sínú ìkòkò á gbẹ́ ilẹ̀ yàrá á rì í mọ́bẹ̀, ẹlòmíì á kó tiẹ̀ sínú kóló, ẹlòmíì á fi aṣọ dì í sísàlẹ̀ àpótí. Nígbà tí wọ́n bá ti papò dà, tí àwọn ọmọ wá ń tún ilé ṣe, owó yẹn á jáde, á ti dúdú, á ti ní ewé tútù lára, erùpẹ̀ á ti bò ó. Ibẹ̀ ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀, torí ohun tó máa kọ́kọ́ wá sẹ́ni lọ́kàn ni pé owó yìí dọ̀tí, ẹ bu omi wá. Ìmọ́tótó ni wọ́n fi tọ́ wa dàgbà, ẹni tó bá ń fọ̀ ọ́, inú rere ló fi ń fọ̀ ọ́, ìyẹn ló dẹ̀ jẹ́ kó dùn mí jù, pé ìfẹ́ tá a ní sí nǹkan yìí gan-an la fi ń bà á jẹ́.

Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ sọ irú owó tá a ní lọ́wọ́, torí ohun tí wọ́n fi rọ owó ló máa sọ ohun tó lè ṣe é léṣe. Ní 1907 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í rọ oníní fún àwọn ìlú tí Gẹ̀ẹ́sì ń ṣàkóso ní ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà, ihò wà láàárín ẹ̀, mẹ́wàá ẹ̀ ló ń jẹ́ kọ́bọ̀ kan, ìyẹn pẹ́nì ayé ìgbà yẹn. Alumíníọ̀mù ni wọ́n kọ́kọ́ fi ṣe é, kò pẹ́ tí wọ́n fi yí i sí bàbà tí wọ́n pò mọ́ níkẹ́ẹ̀lì, irú èyí tí wọ́n fi ṣe ẹ́pìnnì, ìyẹn àbọ̀ pẹ́nì, àti kọ́bọ̀ oníhò tó ní ìràwọ̀ onígun mẹ́fà lójú kan. Tọ́rọ́, sísì, ṣílè àti ṣílè méjì dé ní 1913, fàdákà ni wọ́n, igi ọ̀pẹ ló wà lára ṣílè. Lẹ́yìn ogun àgbáyé kìíní fàdákà gbówó lórí, ni wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í fi idẹ rọ ọ́ láti 1920. Ẹ fi èyí sọ́kàn o, torí mo ti rí ẹni tó ń bó ṣílè onídẹ, tó ní fàdákà ni, pé ìdọ̀tí ló jẹ́ kó pọ́n, tó ń dúró dè é kó funfun. Kò lè funfun láéláé. Idẹ ni, bó ṣe pọ́n yẹn ni wọ́n ṣe bí i.

Èyí tí mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo ẹ̀ ni kọ́bọ̀ oníhò ti 1936. Ọba Edward kẹjọ gorí ìtẹ́ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní oṣù Kìíní ọdún yẹn, oṣù Kejìlá ó ti fi oyè sílẹ̀, ọdún ò tiẹ̀ pé. Lọ́dọ̀ tiwọn lọ́hùn-ún, owó tó ní orí ẹ̀ ò délẹ̀ kó tó lọ. Àmọ́ owó oníhò tiwa, torí pé ihò ti gba àárín, orúkọ ọba àti adé ló máa ń wà lára ẹ̀, kò sí orí ẹnikẹ́ni, wọ́n dẹ̀ ti rọ ọ́ wọ́n ti kó o dé, ló fi jẹ́ pé àwọn ìyá wa tó ń ta ẹ̀fọ́ lọ́jà ná owó ọba tí àwọn ará ìlú ẹ̀ gan-an ò rí ná. Kì í ṣe owó tó wọ́n, wọ́n rọ ọ́ púpọ̀. Ṣùgbọ́n gbogbo ìtàn yẹn ò ju lẹ́tà díẹ̀ lọ létí owó, tẹ́ ẹ bá fi yanrìn kùn ún, lẹ́tà yẹn ló máa kọ́kọ́ lọ.

Àwọn tó kù, ẹ ti mọ̀ wọ́n. Owó Nàìjíríà tó ní orí Elizabeth dé ní 1959. Náírà àti kọ́bọ̀ dé ní ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní 1973, àbọ̀ kọ́bọ̀ àti kọ́bọ̀ kan jẹ́ bàbà, kọ́bọ̀ márùn-ún tó ní kòkó lára, mẹ́wàá tó ní ọ̀pẹ àti mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n tó ní ẹ̀pà jẹ́ bàbà oníníkẹ́ẹ̀lì. Nígbà tó di 1991 wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í lo irin tí wọ́n kàn fi nǹkan míì bò lójú. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ mọ̀, ẹ yọ mágínẹ́ẹ̀tì tó wà lẹ́yìn sípíkà rédíò tó ti bàjẹ́, ẹ gbé e sún mọ́ ọn, tó bá lẹ̀ mọ́ ọn, irin ni, kò gbọdọ̀ rí omi rárá, torí níbi tí ohun tí wọ́n fi bò ó bá ti là díẹ̀ báyìí, ìpẹtà á gba abẹ́ ẹ̀ wọlé.

Mo wá gbé ṣílè méjì sórí tábìlì, fàdákà ni méjèèjì, 1919 ló wà lára wọn. Ọ̀kan ti dúdú, tẹ́ ẹ bá wò ó dáadáa ẹ máa rí àwọ̀ búlúù àti pupa rẹ́súrẹ́sú tó ń yọ létí ẹ̀ lábẹ́ dúdú yẹn. Ìkejì funfun báláú. Mo ní kí wọ́n nawọ́ sí èyí tí wọ́n máa rà, ọwọ́ tó pọ̀ jù lọ sí funfun. Mo wá tan tọ́ọ̀ṣì fóònù, mo di èyí tó dúdú mú létí, mo ń yí i díẹ̀díẹ̀ lábẹ́ iná. Ìmọ́lẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í rìn. Ó ń gba ìdí igi ọ̀pẹ lọ sí etí owó, ó ń yípo bí mo ṣe ń yí i, abẹ́ dúdú yẹn ló ti ń jáde. Àwọn tó wà níwájú dìde wá wò ó. Ohun tó ń fa ìmọ́lẹ̀ tó ń rìn yẹn ni pé lọ́jọ́ tí wọ́n rọ owó yẹn, nígbà tí ẹ̀rọ fi agbára tẹ òǹtẹ̀ mọ́ ọn lójú, fàdákà náà sún láti àárín lọ sétí, ó fi àwọn ìlà tín-ín-tìn-ìn sílẹ̀ tí ojú lásán ò lè kà, àwọn ìlà yẹn ló ń gba iná tó ń dá a padà. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni wọ́n ń rí wọn dá sára owó. Tí wọ́n bá ti pa rẹ́, kò sí alágbẹ̀dẹ tó lè dá wọn padà.

Mo gbé èyí tó funfun, mo yí i, ìmọ́lẹ̀ ò rìn. Gbogbo ojú ẹ̀ kàn tàn pa pọ̀, iná dúró sójú kan. Nígbà tá a wá fi awò tó ń sọ nǹkan di ńlá wò ó, ìfàlà wẹ́wẹ́ ló kún ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọba, gbogbo wọn ń lọ síbì kan náà, ìdọ̀tí dúdú ṣì há sáàárín àwọn lẹ́tà níbi tí ọwọ́ ò dé. Màmá tó ni owó yẹn wà láàárín wa, Ìkéré ni wọ́n ti wá, àwọn náà ló ní kí n sọ ọ́. Ọmọ ọmọ wọn ló fi ọsàn wẹ́wẹ́ àti eérú kùn ún nígbà tó ń bá wọn palẹ̀ yàrá mọ́, ó fẹ́ kí inú màmá àgbà dùn. Kò sẹ́ni tó lè bá ọmọ yẹn wí, kò sẹ́ni tó sọ fún un. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń sọ ọ́ báyìí.

Ohun tó máa ń wà lójú owó àtijọ́, oríṣi méjì ni, tẹ́ ẹ bá ti lè dá méjèèjì mọ̀ yàtọ̀ síra, ẹ ti mọ iṣẹ́ yìí dé ìdajì. Ọ̀kan ni ohun tó ti ìta wá jókòó lé e, erùpẹ̀, òróró, èéfín, gọ́ọ̀mù téèpù, òógùn ọwọ́. Ìyẹn ni ìdọ̀tí. Ìkejì ni irin náà fúnra ẹ̀ tó ti yí padà. Imí ọjọ́ díẹ̀díẹ̀ tó wà nínú afẹ́fẹ́ ló ń bá fàdákà pàdé tó fi ń di dúdú, ọ́síjìn ló ń sọ bàbà di àwọ̀ kọfí. Dúdú yẹn, fàdákà wà nínú ẹ̀, fàdákà ọjọ́ tí wọ́n rọ owó yẹn. Ẹni tó bá bó o kúrò, kì í ṣe ìdọ̀tí ló bó, ara owó ló bó. Bó ṣe rí fún ẹni tó ń fi ìpara bóra nìyẹn, ohun tó ń ṣí kúrò kì í ṣe èérí, awọ ara ẹ̀ ni, èyí tó kù lábẹ́ ẹ̀ dẹ̀ gbẹgẹ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ẹ̀fúùfù díẹ̀ báyìí á ti yọ ọ́ lẹ́nu. Bàbà náà nìyẹn: àwọ̀ kọfí tó fi ọ̀pọ̀ ọdún kó sára yẹn ló ń dáàbò bò ó kí ọ́síjìn má tètè wọlé mọ́, ẹ bó o tán, owó á tún bẹ̀rẹ̀ sí í dúdú láti ìbẹ̀rẹ̀, lọ́tẹ̀ yìí á dúdú ní tóótòòtó.

Àwọn tó ń fowó gidi ra kọ́ìnì mọ èyí, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń díye lé e. Lókè òkun, ọ̀gbẹ́ni William Sheldon gbé máàkì kan kalẹ̀ ní 1949 tó ń sọ bí kọ́ìnì ṣe dáa sí, tó ń lọ láti 1 dé 70, ìgbà yẹn sẹ́ǹtì ńlá oníbàbà ti Amẹ́ríkà nìkan ló fi ń wọ̀n, òun ni àwọn iléeṣẹ́ tó ń yẹ kọ́ìnì wò, PCGS tó bẹ̀rẹ̀ ní 1986 àti NGC tó bẹ̀rẹ̀ ní 1987, wá ń lò fún owó gbogbo ayé. Tí wọ́n bá wo owó kan tí wọ́n rí i pé wọ́n ti kùn ún, wọn ò ní fún un ní nọ́ńbà rárá, wọ́n á kọ "details" sí i, wọ́n á kọ ìdí ẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ pé wọ́n ti fọ̀ ọ́, owó tó sì yẹ kí ẹni tó ni ín gbà á já wálẹ̀. Kódà kẹ́ ẹ má gbé e dé ọ̀dọ̀ wọn, ẹni tó bá fẹ́ rà á lọ́wọ́ yín lórí fóònù á ní kẹ́ ẹ yà á lábẹ́ iná, ó ti mọ ohun tó ń wá.

Wàyí o, àwọn ohun tí mo ń gbọ́ pé ẹ̀ ń lò. Ọsàn wẹ́wẹ́, tòmátì, fíníígà, kóòkì, ásíìdì ni gbogbo wọn, agbára wọn ló kàn yàtọ̀, wọ́n ń jẹ ojú irin. Mákílíìnì tá a fi ń fọ eyín àti bráásò, ìyẹ̀fun wẹ́wẹ́ tó le wà nínú wọn, òun ló ń fàlà. Eérú náà bẹ́ẹ̀, òun tún ní agbára ọṣẹ nínú. Kànìnkànìn onírin, mi ò mọ ohun tí màá sọ sí i, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé e padà sídìí ìkòkò. Hypo ló burú jù lójú tèmi, torí klórínì inú ẹ̀ á wọnú bàbà lọ, á máa jẹ ẹ́ láti inú kódà lẹ́yìn tẹ́ ẹ ti nù ún gbẹ. Èyí tí wọ́n ń ṣe nínú fídíò, tí wọ́n á tẹ́ fọ́ìlì sínú àwo, tí wọ́n á bu omi gbígbóná àti bákínì sódà sí i, òótọ́ ni pé ó ń yọ dúdú lára fàdákà, imí ọjọ́ á fi fàdákà sílẹ̀ á lọ bá alumíníọ̀mù. Ẹ fi fọ ṣíbí yín. Lára kọ́ìnì, ojú owó á kú, á funfun láìní ìyè nínú. Oògùn tí wọ́n ń tà ní ìgò tí wọ́n ní kẹ́ ẹ ri owó bọ̀ kẹ́ ẹ yọ ọ́ kíá, ásíìdì lòun náà, àwọn tó mọwọ́ ẹ̀ dáadáa lókè òkun ń lò ó, ṣùgbọ́n gbogbo ìgbà tí wọ́n bá ti ri owó bọ inú ẹ̀ ló ń mú díẹ̀ lọ lára àwọn ìlà tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan.

Mo fẹ́ dúró díẹ̀ lórí àwọ̀ ewé, torí òun ni wọ́n bi mí jù, owó tó bá ti inú ilẹ̀ jáde lọ́dọ̀ wa níbí òun ló máa ń ní. Àwọ̀ ewé ò rí bákan náà o. Èyí tó bá le, tó dán, tó mọ́ ojú owó, tí èékánná ò lè ṣí, ẹ fi í sílẹ̀, bàbà ló ti fi ọ̀pọ̀ ọdún yí padà, kò ní ṣe é ní nǹkan mọ́, àwọn míì tiẹ̀ fẹ́ràn ẹ̀. Èyí tó bá ń fà, tó ń yọ̀ lọ́wọ́, tó wà lára owó tí wọ́n tọ́jú sínú ike rírọ̀, PVC, ìyẹn kẹ́míkà tí wọ́n fi ṣe ike yẹn, ló fà á, ìyẹn ṣeé kó kúrò, mo máa sọ ọ́. Èyí tó yẹ kẹ́ ẹ bẹ̀rù ni èyí tó jẹ́ ìyẹ̀fun, tí àwọ̀ ẹ̀ mọ́lẹ̀ ju ewé lọ, tó ń hù láti inú ihò kéékèèké. Ẹ gbọ̀n ọ́n dànù lónìí, tó bá fi máa di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ó ti padà. Iyọ̀ ló fà á. Iyọ̀ òógùn, iyọ̀ ilẹ̀, hypo tí mo sọ, klóráìdì inú wọn wọ inú bàbà, bó bá ti rí ọ̀rinrin àti afẹ́fẹ́, á di ásíìdì, ásíìdì yẹn á jẹ bàbà, á tún dá klóráìdì padà, á tún bẹ̀rẹ̀, kò ní dáwọ́ dúró títí owó á fi lu. Fífọ̀ ò wò ó sàn. Ohun tó ń dá a dúró ni gbígbẹ: ẹ yà á sọ́tọ̀ kúrò láàárín àwọn tó kù, ẹ fi sínú ìgò tó ní ìdérí tó le pẹ̀lú sáṣẹ́ẹ̀tì kékeré tó máa ń wà nínú páálí bàtà tuntun, èyí tó ń fa omi. Tó bá jẹ́ owó tó níye lórí, ẹ gbé e fún àwọn tó ń tọ́jú nǹkan mùsíọ́ọ̀mù, ó kọjá agbára ilé.

Kí lẹ wá lè ṣe nílé? Omi àti acetone, ìyẹn kẹ́míkà olómi kan tó ń yọ́ òróró, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Kẹ́ ẹ tó ṣe é fún èyí tẹ́ ẹ fẹ́ràn, ẹ fi owó tí ò já mọ́ nǹkan kan kọ́ ọwọ́ ná.

Omi yẹn, kì í ṣe omi ẹ̀rọ, klórínì wà nínú ẹ̀, kì í ṣe omi kànga. Ẹnì kan bi mí bóyá omi Ìkọ̀gòsì á dáa torí pé ó mọ́ gaara, mo ní rárá, inú àpáta ló ti ń bọ̀, ohun inú ilẹ̀ ti yọ́ sínú ẹ̀, tó bá gbẹ á fi àbàwọ́n sílẹ̀. Omi distilled ni, èyí tí wọ́n ti yọ gbogbo ohun tó yọ́ sínú ẹ̀ kúrò, ẹ máa rí i lọ́dọ̀ àwọn tó ń cháàjì bátìrì mọ́tò. Ẹ ṣọ́ra níbẹ̀ o! Ásíìdì bátìrì náà ń bẹ lọ́dọ̀ wọn, ìgò wọn lè jọra, ẹ ra èyí tí wọ́n lẹ̀ pa, tí wọ́n kọ distilled sí lára, ẹ má gba èyí tí wọ́n bù sínú ìgò omi lásán. Ẹ dà á sínú ife gíláàsì, ẹ tẹ́ aṣọ sórí tábìlì kí owó má baà kan pátákó tó bá bọ́ lọ́wọ́ yín, ẹ di owó mú létí, kẹ́ ẹ rọra gbé e sínú ẹ̀. Ẹ fi sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Ẹ da omi yẹn nù, ẹ dá òmíì sí i. Erùpẹ̀ tó bá máa kúrò á rọ̀, á jábọ́ fúnra ẹ̀, èyí tí ò bá fẹ́ kúrò, ẹ má fi búrọ́ọ̀ṣì lé e, erùpẹ̀ Èkìtì ní yanrìn nínú, tẹ́ ẹ bá ti fà á lójú fàdákà ẹ ti fàlà sí i nìyẹn. Ohun tá a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, àwọn àgbà ti sọ ọ́. Tẹ́ ẹ bá yọ ọ́, aṣọ rírọ̀ tó mọ́ ni kẹ́ ẹ gbé e lé, kẹ́ ẹ ṣẹ́ aṣọ náà bò ó, kẹ́ ẹ tẹ̀ ẹ́. Ẹ tẹ̀ ẹ́ ni mo wí, ẹ má nù ún. Lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ jẹ́ kí afẹ́fẹ́ gbẹ ẹ́ dáadáa kó tó wọnú ohunkóhun.

Acetone wà fún ohun tí omi ò lè mú, òróró, gọ́ọ̀mù, àti ewé tó ń yọ̀ tí PVC fi sílẹ̀. Ìdí tí mo fi fọkàn tán an ni pé kì í bá irin jà, ohun tó wà lórí irin ló ń yọ́. Ògidì ẹ̀ ni kẹ́ ẹ rà lọ́dọ̀ àwọn tó ń ta kẹ́míkà fún ilé ìwé. Èyí tí àwọn obìnrin fi ń nu ọ̀dà èékánná kọ́, lọ́fínńdà àti òróró àti aró wà nínú ìyẹn, á gbẹ sí owó lára. Ife gíláàsì náà ni, torí á yọ́ ike. Ìta gbangba ni kẹ́ ẹ ti ṣe é, kò gbọdọ̀ sí sítóòfù, kò gbọdọ̀ sí jẹnẹrétọ̀, kò gbọdọ̀ sí ẹni tó ń mu sìgá, torí òórùn ẹ̀ nìkan lè gbaná. Ẹ má jẹ́ káwọn ọmọdé wà níbẹ̀. Ẹ ri owó sínú ẹ̀ fún ìṣẹ́jú díẹ̀, ẹ gbé e sínú acetone tuntun nínú ife kejì kí ìdọ̀tí tó yọ́ má baà padà sí i lára, ẹ gbé e jáde, á gbẹ lójú yín. Kò ní sọ owó dúdú di funfun, ẹ má retí ẹ̀. Ohun tẹ́ ẹ bá rí lẹ́yìn ẹ̀, ojú owó yẹn gangan nìyẹn.

Wúrà ò gba àkókò wa púpọ̀, torí wúrà ò ń dógùn-ún. Ní 2013, tọkọtaya kan ní Kalifóníà rí agolo mẹ́jọ lábẹ́ ilẹ̀ wọn, owó wúrà 1,427 ló wà nínú wọn, ọdún tó wà lára wọn bẹ̀rẹ̀ láti 1847 dé 1894. Lẹ́yìn gbogbo ọdún yẹn nínú erùpẹ̀, púpọ̀ nínú wọn ṣì dà bíi tuntun, ìdọ̀tí lásán ló wà lára wọn. Wọn ò fi yanrìn kùn wọ́n. Wúrà rọ̀, ó máa ń tètè fàlà ju fàdákà lọ.

Èyí tó ṣe pàtàkì ju fífọ̀ lọ ni bí ẹ ṣe ń tọ́jú ẹ̀, mo dẹ̀ rí i pé kò sẹ́ni tó bi mí nípa ẹ̀ àfi olùkọ́ àgbà kan tó ti fẹ̀yìn tì. Ọ̀pọ̀ dúdú tẹ́ ẹ fẹ́ fọ̀ yẹn, ilé yín ló ti kó o. Rọ́bà tẹ́ ẹ fi ń di owó, imí ọjọ́ ni wọ́n fi ń ṣe é kó lè nà, tẹ́ ẹ bá fi di ṣílè fàdákà, ìlà dúdú ló máa fi síbi tó ti kàn án. Ìwé ìròyìn tẹ́ ẹ fi wé e ní ásíìdì. Èéfín jẹnẹrétọ̀ àti ti ìdáná ò dáa fún un. Náílọ̀n tó rọ̀, tó ní òórùn, PVC ni, ẹ yọ ọ́ kúrò nínú ẹ̀ lálẹ́ òní. Páálí onígun mẹ́rin tí wọ́n ṣe fún kọ́ìnì, tó ní ojú ike Mylar, ẹ lè rà á lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kò wọ́n, tí kò bá sí, ike líle tí ò ní PVC ṣe é lò. Lásìkò òjò, ọ̀rinrin tiwa níbí pọ̀, ẹ má gbé e sítòsí ògiri tó ń mí omi, ẹ fi sáṣẹ́ẹ̀tì tó ń fa omi tì í, kẹ́ ẹ máa pààrọ̀ ẹ̀. Ẹ fọwọ́ yín kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kàn án, ẹ di etí ẹ̀ mú, torí ìka tẹ́ ẹ bá tẹ̀ mọ́ ojú bàbà lónìí, iyọ̀ àti òróró inú ẹ̀ á jẹ ẹ́ títí ìtẹ̀ka yẹn á fi hàn sí i gbangba, kò dẹ̀ ní kúrò mọ́.

Ọ̀rọ̀ kan fún àwọn tó ń lu ihò sí kọ́bọ̀ wa láti fi ṣe ẹ̀gbà ọrùn. Òfin báńkì àpapọ̀ ti 2007, abala 21, kì í ṣe owó bébà nìkan ló ń dáàbò bò, kọ́ìnì wà níbẹ̀, ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà ó kéré tán tàbí owó ìtanràn 50,000 náírà ó kéré tán, tàbí méjèèjì. Ẹ jẹ́ ká mọ̀.

Nígbà tí wọ́n ní kí àwọn èèyàn béèrè ìbéèrè, ọ̀dọ́kùnrin kan tó ń tajà lọ́jà Ọba bi mí pé bí ẹni tó fẹ́ rà á bá tẹnu mọ́ ọn pé òun ń fẹ́ èyí tó ń dán ńkọ́, pé òun fẹ́ jẹun. Mo gbọ́ ọ yé. Mo ní kó fi tọ́ọ̀ṣì fóònù hàn án bí mo ṣe fi hàn wọ́n, kó yí i lójú ẹ̀. Tó bá ṣì ń fẹ́ èyí tó ń dán, ọ̀pọ̀ owó lásán wà tí wọ́n ti fọ̀ tẹ́lẹ̀, kó ta ìyẹn fún un níye tó yẹ ẹ́, kó sọ fún un pé wọ́n ti fọ̀ ọ́, kó má fọ òmíì tì í.

Màmá Ìkéré ló béèrè ìkẹyìn. Wọ́n ní ti èyí tó ti funfun yìí ńkọ́, kí làwọn máa ṣe sí i. Mo ní Mà, kò sí nǹkan tẹ́ ẹ máa ṣe sí i, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tún fi nǹkan sọ ọ́ di dúdú padà, àwọn kan ń lo imí ọjọ́ àti ẹyin sísè fún irú ẹ̀, ẹ̀tàn nìyẹn. Ẹ fi acetone yọ èyí tó kù nínú ọsàn àti eérú yẹn kúrò, ẹ fi sínú páálí ẹ̀, afẹ́fẹ́ á bẹ̀rẹ̀ sí í kùn ún padà fúnra ẹ̀, ó máa pẹ́. Ìfàlà yẹn ò ní lọ. Ẹ fi bírò kọ 1919 sí ara páálí náà, kẹ́ ẹ kọ fàdákà sí i, kẹ́ ẹ kọ orúkọ bàbá tó rì í mọ́lẹ̀, kẹ́ ẹ wá kọ ọ́ sísàlẹ̀ pé wọ́n ti fọ̀ ọ́ rí.